Àròkọ ìdánwò lórí ìṣọ̀kan àti ìyapa àwọn sóṣálíìsì: ibo ni máàkì wà gan-an?

Ọmọ Kúbwà:

Ẹ̀yin àgbà, ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi. A-level ti ìlú Òyìnbó ni mò ń múra sílẹ̀ fún, ẹ̀kọ́ Politics ti Edexcel. Wọ́n fún wa ní ìbéèrè kan ní kíláàsì: "Báwo ni àwọn sóṣálíìsì ṣe fohùn ṣọ̀kan tó lórí ọ̀rọ̀ ìjọba?" (Sóṣálíìsì ni àwọn tó ní kò yẹ kí ọrọ̀ ìlú wà lọ́wọ́ olówó díẹ̀.) Máàkì 24 ni. Ojú ìwé mẹ́rin gbáko ni mo kọ. Marx wà níbẹ̀, Engels wà níbẹ̀, Beatrice Webb, Rosa Luxemburg, Crosland, Giddens, mi ò fo ẹnì kankan. Tísà wa fún mi ní 11, ó wá fi bíró pupa kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé, "Ìtàn lo sọ." Ẹni tó jókòó tì mí dárúkọ ẹni mẹ́ta péré, 19 ló gbà. Ṣé kì í ṣe ojúsàájú nìyẹn?

* * *

Olùkọ́ Lúgbẹ̀:

Kì í ṣe ojúsàájú. WAEC ló ṣì wà lára ẹ.

Nínú Government ti WAEC, wọ́n á ní kó o ṣàlàyé ohun márùn-ún tí a fi ń dá sóṣálísíìmù mọ̀. O to márùn-ún náà, o fi gbólóhùn méjì-méjì ti ìkọ̀ọ̀kan lẹ́yìn, o gba máàkì rẹ, o lọ sílé. Kò burú, bí wọ́n ṣe béèrè lo ṣe dáhùn. Àmọ́ èyí tí wọ́n gbé fún ọ yìí kò ní kó o to nǹkan kan. Ó ní kó o dájọ́. Àwọn èèyàn yìí ń pe ara wọn ní sóṣálíìsì, wọ́n sì ti ń bú ara wọn láti nǹkan bí ọgọ́sàn-án ọdún sẹ́yìn. Ṣé ìjà ilé ni, àbí wọn kì í tilẹ̀ ṣe ọmọ ilé kan náà mọ́? Ohun tí wọ́n fẹ́ gbọ́ lẹ́nu ẹ nìyẹn.

Ọ̀nà mẹ́ta ni wọ́n pín máàkì 24 yẹn sí: 8 fún ohun tó o mọ̀, 8 fún bó o ṣe tú u palẹ̀, 8 fún ìdájọ́. Ojú ìwé mẹ́rin tó o kọ, inú 8 àkọ́kọ́ ni gbogbo rẹ̀ wọ̀ sí. Ká tiẹ̀ ní o kọ mẹ́wàá, o ò lè gbà ju 8 lọ níbẹ̀. Mẹ́ta tó lé lórí rẹ̀, àánú ni tísà yín fi ṣe ọ́.

Lẹ ìpínrọ̀ kan síbí ká wò ó.

* * *

Ọmọ Kúbwà:

Ẹ ṣeun, sà. Gẹ̀ẹ́sì ni mo fi kọ ọ́, mo sọ ọ́ di Yorùbá fún yín:

"Beatrice Webb gbà pé ìjọba lè mú sóṣálísíìmù wá díẹ̀díẹ̀. Ọmọ ẹgbẹ́ Fabian ni. Òun àti Sidney ọkọ rẹ̀ wà lára àwọn tó dá London School of Economics sílẹ̀ ní 1895. Ó fẹ́ kí àwọn ọ̀mọ̀ràn máa darí ìlú. Anthony Crosland náà nígbàgbọ́ nínú ìjọba. Ó kọ ìwé rẹ̀ ní 1956."

* * *

Olùkọ́ Lúgbẹ̀:

O ṣeun tó o lẹ̀ ẹ́ láìtún un ṣe.

Wo ti 1895 yẹn. Òótọ́ ni, kò sẹ́ni tó máa bá ọ jiyàn. Ṣùgbọ́n kí ló kan ìbéèrè yìí nínú ilé-ìwé tí wọ́n dá sílẹ̀? Ẹni tó ń máàkì á kàn fojú fò ó ni. Ti Crosland ló tún wá burú jù. O so ó mọ́ ìdí Webb bí ẹni pé ọ̀rọ̀ kan náà ló ń ti ẹnu wọn jáde. Bẹ́ẹ̀ nínú ìwé 1956 yẹn gan-an, Crosland fi Webb àti ọkọ rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́: ó ní kéèyàn má fẹnu kan ọtí, kó sì mọ fáìlì í tò, ìyẹn kọ́ ló máa gbé ẹnikẹ́ni dé ìlú sóṣálíìsì. Èdè àìyedè wà níbẹ̀ tó o lè lò, o sì rìn kọjá lára rẹ̀.

Gbìyànjú báyìí: "Marx àti Webb gbà pé òṣì kì í ṣe àyànmọ́ ẹnikẹ́ni, kapitálísíìmù ló ń bí i, àti pé agbára ìjọba gbọ́dọ̀ bọ́ sọ́wọ́ òṣìṣẹ́. Ibi tí wọ́n ti pínyà ni bóyá ìjọba tó wà nílẹ̀ ṣe é lò. Lójú Marx, irinṣẹ́ àwọn olówó ni láti ìpìlẹ̀, kí wọ́n wó o tegbòtigaga. Lójú Webb, bí òṣìṣẹ́ bá ti ní ìbò, wọ́n lè gbà á láìta ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀. Ìyapa yìí wúwo ju ìṣọ̀kan wọn lọ, nítorí ohun tí ọ̀kan fẹ́ wó ni èkejì fẹ́ fi kọ́lé."

Ka iye orúkọ tó wà níbẹ̀. Méjì. Kò sí ọdún kankan. Síbẹ̀ máàkì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà nínú rẹ̀, pàápàá gbólóhùn tó gbẹ̀yìn, torí pé òun ló sọ èyí tó wúwo jù àti ìdí tó fi wúwo.

* * *

Ará Nyanya:

Ẹ má fi ọ̀rọ̀ ni ọmọ ọlọ́mọ lára. Ibì kan náà ni gbogbo wọn ń lọ, ọ̀nà ló yàtọ̀. Ìṣọ̀kan lórí ibi tí wọ́n ń lọ, ìyapa lórí ọ̀nà. Ohun tí èmi kọ nìyẹn nígbà tèmi, mo gba B, mo ti jáde yunifásítì, mo ti ń ṣiṣẹ́.

* * *

Olùkọ́ Lúgbẹ̀:

Ẹ kú oríire B yẹn. Ṣùgbọ́n gbólóhùn yẹn gan-an ni mo máa ń bá nínú àròkọ àwọn tó ń wá gba lẹ́sìnnì lọ́dọ̀ mi, bí ẹni pé àdúrà ìbẹ̀rẹ̀ ni. Kò lè gbéni ga nítorí pé gbogbo èèyàn ló ń kọ ọ́. Èyí tó tún ká mi lára jù ni pé kì í ṣe òótọ́.

Ẹ wò ó báyìí. Ẹni méjì wọkọ̀ ní gáréèjì Jábì. Ọ̀kan ń lọ Ìbàdàn. Èkejì sọ̀ kalẹ̀ ní Lọ́kọ́ja, ó jẹ ẹja, ó ní ibi tí òun ń lọ náà nìyí, kí ni wọ́n tilẹ̀ ń wá lọ sí Ìbàdàn. Ṣé ẹ ó ní ibì kan náà ni wọ́n ń lọ?

Luxemburg ti rí i ṣáájú gbogbo wa. Ní nǹkan bí 1899, Eduard Bernstein, tí òun náà wà nínú SPD, ẹgbẹ́ àwọn sóṣálíìsì ní Jámánì, ní kí wọ́n fi ọ̀rọ̀ ìṣọ̀tẹ̀ sílẹ̀, kí wọ́n máa fi òfin tún ayé òṣìṣẹ́ ṣe. Ó tilẹ̀ sọ pé ohun tí wọ́n ń pè ní òpin sóṣálísíìmù kò jẹ́ nǹkan kan lójú òun, ìrìn náà ni gbogbo rẹ̀. Luxemburg dá a lóhùn pé ẹni tó bá yan àtúnṣe dípò kí òṣìṣẹ́ gbàjọba kò yan ọ̀nà tó rọra síbì kan náà o, ibòmíì ló forí lé. Bẹ́ẹ̀ lọ̀rọ̀ ẹ̀yin àti B yín ti wà nílẹ̀ ká tó bí yín.

Ẹ wá wo bí ọ̀rọ̀ Luxemburg ṣe ṣẹ. Ní 1918, ẹgbẹ́ Labour ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kọ ọ́ sínú òfin ẹgbẹ́ wọn, ní Clause IV, pé àwọn fẹ́ kí ohun tí a fi ń pèsè ọjà di àjùmọ̀ní. Nígbà tó fi máa di 1956, Crosland, tó jẹ́ olóṣèlú Labour, ní ta ló ni iléeṣẹ́ kò jẹ́ bàbàrà mọ́: mánéjà ló ń darí rẹ̀ báyìí, kì í ṣe ẹni tó ni ín, nítorí náà ìdọ́gba ni kí a lé, nípa ilé-ìwé, owó orí àti ètò ìrànwọ́ ìjọba. Kì í ṣe ẹnu lásán o. Nígbà tó di mínísítà ètò ẹ̀kọ́, ó kọ̀wé sí àwọn ìjọba ìbílẹ̀ ní 1965 pé kí wọ́n múra láti jáwọ́ nínú yíyọ àwọn ọmọ sọ́tọ̀ sí ilé-ìwé olórí pípé. Ní Jámánì, ẹgbẹ́ SPD kan náà tí Luxemburg bá jà pàdé ní Bad Godesberg ní 1959, wọ́n fi Marx sílẹ̀, wọ́n gba ọjà láyè. Ní 1995, Tony Blair ní kí wọ́n tún Clause IV kọ, àjùmọ̀ní sì jáde níbẹ̀.

Ọ̀nà wo ni wọ́n yí padà nínú gbogbo ìyẹn? Ibi tí wọ́n ń lọ ni wọ́n yí.

* * *

Ará Nyanya:

Ẹ ṣáà gbà pé B kì í ṣe F.

Olùkọ́ Lúgbẹ̀:

Mo gbà.

* * *

Bàbá Sámárù:

Mo ti ń ka ọ̀rọ̀ yín bọ̀. Marx, Webb, Crosland. Ṣé Òyìnbó nìkan ló ń ṣe sóṣálísíìmù ni? Samaru ni mo wà nígbà ìjọba Ṣàgàrí. Bí àwọn olùkọ́ wa ṣe ń fa Marx mọ́ra wọn lọ́wọ́ nígbà náà, ẹni tó bá gbọ́ ọ kò ní í sùn. Kí ló dé tí ọmọ náà kò lè kọ Mallam Aminu Kano? Kí ló dé tí kò lè kọ Awólọ́wọ̀?

* * *

Olùkọ́ Lúgbẹ̀:

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, Bàbá. Mo gbọ́ ohun tí ẹ sọ. Bó bá jẹ́ ìdánwò yunifásítì níbí ni, n bá ní kó gbé wọn síwájú. Nínú èyí, orúkọ àwọn onírònú tó wà nínú ìlànà ẹ̀kọ́ ni ó gbọ́dọ̀ gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ lé.

Ṣùgbọ́n fún òye, tiwa gan-an ló máa là á lójú. Ìyapa tó gbóná jù nínú òṣèlú Yorùbá, òkè Ọya níbí ni wọ́n ti ṣe é: Jos, oṣù kejì 1962. Àpérò Action Group ni. Awólọ́wọ̀ àti àwọn tirẹ̀ fẹ́ kí sóṣálísíìmù oní-tiwa-n-tiwa di ìlànà ẹgbẹ́. Ìhà Akíntọ́lá kò fara mọ́ ọn, wọ́n sì tún ń fà á lórí bóyá kí ẹgbẹ́ bá NPC, ẹgbẹ́ òkè Ọya, wọ ìjọba àpapọ̀. Ẹ wá fi ìyẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti PRP, ẹgbẹ́ Mallam Aminu Kano. NEPU, ẹgbẹ́ tí Mallam darí ṣáájú PRP, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Kano ní 1950, ti sọ ọ́ sínú ìkéde wọn pé ìjà wà láàrin àwọn tó ń jẹ gàba nínú ìjọba ìbílẹ̀ àti àwọn tálákà. Ní 1979, PRP wọlé ní Kano àti Kaduna. Àwọn gómìnà wọn, Abubakar Rimi àti Balarabe Musa, fagi lé haraji (owó orí) àti jàngálì (owó orí màlúù). Kò pẹ́, àwọn gómìnà méjèèjì àti Mallam forí gbárí lórí bóyá kí wọ́n máa bá àwọn gómìnà ẹgbẹ́ alátakò yòókù ṣèpàdé. Nígbà tí ilé aṣòfin Kaduna, níbi tí NPN, ẹgbẹ́ Ṣàgàrí, ti pọ̀ jù, yọ Balarabe Musa nípò ní oṣù kẹfà 1981, ilé PRP ti dà rú ná.

Èwo nínú méjèèjì ni ìjà lórí ọ̀nà, èwo ni ìjà lórí ibi tí wọ́n ń lọ? Tèmi ni pé ti PRP, ọ̀nà ni: gbogbo wọn ló ṣì fẹ́ gba tálákà sílẹ̀. Ti Jos, ibi tí wọ́n ń lọ ni. Ọmọ tó bá lè ya méjèèjì yìí sọ́tọ̀ á mọ bó ṣe máa ya ti Webb àti Crosland sọ́tọ̀.

* * *

Bàbá Sámárù:

Ti PRP kì í ṣe ọ̀nà lásán o! Ẹni tó wà níbẹ̀ ló mọ̀. Ẹ wá sí Zaria, ká jókòó tì í.

* * *

Ìyá Ìbejì:

Ẹ dákun, ọmọ tèmi náà ń ṣe ẹ̀kọ́ yìí. Ṣé kò ní í sọ ọ́ di ajìjàgbara báyìí? Lọ́yà ni mo fẹ́ kó dà.

Olùkọ́ Lúgbẹ̀:

Mà, lọ́yà tí kò lè fọwọ́ sọ ibi tí ọ̀rọ̀ ẹni méjì ti yà síra, ta ló máa gbé ẹjọ́ fún un? Ẹ fi í lọ́rùn sílẹ̀.

* * *

Tísà Wúsè:

Ẹ̀gbọ́n, mo bá yín jiyàn níbì kan. Èmi máa ń ní kí àwọn ọmọ kọ ìṣọ̀kan lápá kan, ìyapa lápá kejì, kí wọ́n wá dájọ́ níkẹyìn. Ó mọ́ lójú, ọmọ kì í sọnù sínú rẹ̀. Èyí tí ẹ̀ ń lú méjèèjì pọ̀ nínú ìpínrọ̀ kan yìí, ọmọ tó mọ̀wé gan-an ló lè ṣe é.

* * *

Olùkọ́ Lúgbẹ̀:

Àbúrò, mo ti kọ́ wọn bẹ́ẹ̀ rí, mo sì mọ ohun tó dáa níbẹ̀. Ohun tí mo ń bá pàdé ni pé ọmọ á kọ apá ìṣọ̀kan bí ẹni pé ó gbà á gbọ́ tọkàntọkàn, á tún kọ apá ìyapa bí ẹni pé òun gan-an ló gbà gbọ́. Nígbà tó bá kù díẹ̀ kí wọ́n ní kí wọ́n fi bíró sílẹ̀, á kọ pé "ní àkótán, wọ́n fohùn ṣọ̀kan níbì kan, wọ́n sì yapa níbòmíì." Ta ni kò mọ̀ bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀? Ìdájọ́ kò yẹ kó jẹ́ ohun tí wọ́n ń pàdé lójú ìwé tó kẹ́yìn. Kó hàn láti gbólóhùn kejì àròkọ.

Ọ̀rọ̀ àkókò náà wà níbẹ̀. Wákàtí méjì ni wọ́n fún gbogbo pépà náà, máàkì 84. Bí ẹ bá pín in, ìṣẹ́jú 34 ló kan àròkọ yìí, ẹ sì yọ mẹ́rin fún ríronú. Àwọn ọmọ ìsinsìnyí, fóònù ni wọ́n fi ń kọ̀wé. Bí wọ́n bá di bíró mú fún ogún ìṣẹ́jú, ọwọ́ á ti máa ro wọ́n, lẹ́tà á ti máa tóbi. Ẹni tó bá fi ìdájọ́ rẹ̀ pa mọ́ di ìparí, ọwọ́ ríro ló máa gba máàkì yẹn lọ.

Mo máa gbà fún yín níbì kan. Ọmọ tí ọwọ́ rẹ̀ kò yá, kó máa lo ti yín, bí gbólóhùn tó gbẹ̀yìn nínú ìpínrọ̀ kọ̀ọ̀kan bá ti lè sọ bí ohun tó wà níbẹ̀ ṣe wúwo tó. Kì í ṣe kó kàn sọ pé "èyí fi hàn pé wọ́n yapa". Bí ó ṣe wúwo tó.

Ohun mìíràn tí mo fẹ́ kí ẹ̀yin tí ẹ ń kọ́ wọn máa tẹnu mọ́: ìyapa kì í ṣe láàrin ẹgbẹ́ kan àti ẹgbẹ́ kejì nìkan. Ẹ kọ́ wọn láti wá a nínú ẹgbẹ́ kan náà. Luxemburg fara mọ́ ìyípadà Rọ́ṣíà 1917. Síbẹ̀, ní 1918, láti inú ẹ̀wọ̀n, ó bẹnu àtẹ́ lu Lenin àti Trotsky, àwọn olórí ìyípadà náà, pé wọ́n ń pa ohùn àwọn alátakò mọ́ wọn lẹ́nu, ó ní òmìnira tí kì í bá ṣe ti ẹni tí èrò rẹ̀ yàtọ̀ kì í ṣe òmìnira. Marx fúnra rẹ̀ sọ ní Amsterdam ní 1872 pé ó ṣeé ṣe kí òṣìṣẹ́ gbàjọba lọ́nà àlàáfíà ní irú ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà. Webb tí gbogbo ìwé ń pè ní ìyá "díẹ̀díẹ̀" lọ sí Soviet ní 1932, òun àti ọkọ rẹ̀ sì kọ ìwé ńlá fi yìn ín lọ́dún mẹ́ta lẹ́yìn náà. Ọmọ tó bá fi ọ̀kan péré nínú ìwọ̀nyí síbi tó yẹ, ẹni tó ń máàkì á mọ̀ pé ọmọ yìí kò kàn há ìwé sórí.

* * *

Ọmọ Kúbwà:

Sà, mo ti tún ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kọ. Ẹ bá mi wò ó:

"Sóṣálísíìmù jẹ́ èrò tó bẹ̀rẹ̀ ní Yúróòpù nígbà tí iléeṣẹ́ ńláńlá gbòde. Gbogbo sóṣálíìsì gbà pé kò yẹ kí ìjọba káwọ́ gbera kó máa wo ọjà níran. Àmọ́ wọn kò fohùn ṣọ̀kan rárá lórí ohun tí ìjọba jẹ́: ọ̀tá ni lójú Marx àti Luxemburg, irinṣẹ́ ni lójú Webb àti Crosland. Ìyapa yìí ti ìpìlẹ̀ wá."

Ìbéèrè kan ṣì ń dà mí láàmú. Giddens ńkọ́? Nígbà tí mo ka ìwé rẹ̀ ti 1998, kò jọ sóṣálíìsì lójú mi. Ṣé kí n fi sílẹ̀?

* * *

Olùkọ́ Lúgbẹ̀:

Yọ gbólóhùn àkọ́kọ́ dànù, ìtàn ni. Àwọn mẹ́ta yòókù dáa. "Rárá" yẹn ti pọ̀ jù, yọ òun náà. O ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ohun tí wọ́n jọ gbà tán nínú gbólóhùn tó ṣáájú. Má sì jẹ́ kí Webb àti Crosland wà pọ̀ pẹ́. Ní ìpínrọ̀ kejì tàbí ìkẹta, yà wọ́n: Webb fẹ́ kí ìjọba fi díẹ̀díẹ̀ gba ọrọ̀ ajé, Crosland ní kò pọn dandan.

Giddens, má fi sílẹ̀. Ohun tó ń dà ọ́ láàmú yẹn gan-an ni àròkọ rẹ nílò. Ó gba ọjà láyè, kò fẹ́ kí ìjọba máa ni iléeṣẹ́, ànfààní tó dọ́gba ló ń lé, kì í ṣe owó tó dọ́gba. Kí ló wá kù tí òun àti Marx jọ gbà? Pé èèyàn kì í dá gbé, pé àwùjọ ló ń mọ ẹni, pé kò yẹ kí a fi ọjà nìkan sílẹ̀ kó máa darí ayé. Ó parí. Èyí tó sì bẹ́ẹ̀, ọmọ ẹgbẹ́ Liberal lè tọwọ́ bọ̀ ọ́. Beveridge, tí ìròyìn rẹ̀ ní 1942 di ìpìlẹ̀ ètò ìrànwọ́ ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Liberal ni.

Nítorí náà, bí o bá fẹ́ kí gbogbo wọn wà lábẹ́ òrùlé kan, ìṣọ̀kan tó máa gbà wọ́n á fẹ́lẹ́ débi tí ẹni tí kì í ṣe sóṣálíìsì á ráyè wọlé. Bí o bá sì fẹ́ kí ìṣọ̀kan náà ní láárí, o ní láti ti Giddens síta, bóyá Crosland pàápàá. Mú ọ̀kan, kó o gbèjà rẹ̀. Èwo ló wù ọ́ kò kàn mí, ẹni tó ń máàkì náà ò bìkítà. Kọ ọ́ lóru òní pẹ̀lú aago níwájú ẹ, ìṣẹ́jú 34, bíró ni o, kì í ṣe fóònù, kó o ya fọ́tò rẹ̀ síbí lọ́la.